Oníbàárà Kì í Ṣe Nọ́ńbà: Kí Ló Dé Tí Ènì Ọlọ́jà Fi Ń Wọni Lọ́kàn Ju Póìǹtì Ilé Iṣẹ́ Ńlá Lọ?

Àwọn oṣù tó ń parí sí "ḿbà" ti wọlé, fóònù kálukú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lemọ́lemọ́. Ilé ìtajà kan ní ẹ ti ní póìǹtì 340. Òmíràn ní kẹ́ ẹ ra ọjà ₦20,000 kẹ́ ẹ lè wọnú ìdíje. Báǹkì náà ń kí yín kú ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí tán tá a fi ń pa wọ́n rẹ́. Ẹ wá bi ara yín léèrè: lára gbogbo póìǹtì tí wọ́n ní ẹ ti kó jọ lọ́dún yìí, èwo lẹ rántí? Èwo lẹ ti fi ra nǹkan rí?

Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè náà padà. Ta ló ń ta ẹ̀wà fún ìyá yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: Ìyá Rísí, Ìyá Ìbejì, Alájà Ẹlẹ́wà. Wọ́n á rántí ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà. Wọ́n á rántí bó ṣe máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lẹ́yìn tó bá ti wọn kóńgò tán. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà yẹn kò tó owó kan gbòógì, àmọ́ ogún ọdún lẹ́yìn náà ó ṣì wà lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń náwó lórí káàdì, áàpù àti póìǹtì kí oníbàárà má bàa sá lọ, síbẹ̀ oníbàárà ń gbàgbé. Àwọn ọlọ́jà wa tí kò ní áàpù ti mọ àṣírí náà tipẹ́, àmọ́ ọ̀wọ́ngógó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tá à ń sọ kò ṣòro: ẹ̀bùn tí èèyàn bá dá gbà ní kọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kuró lọ́kàn, èyí tí wọ́n fún un lójú àwọn ẹlòmíràn, tó sì lè pín fún ará ilé, kì í tètè kúrò.

Bí ènì ṣe ń ṣiṣẹ́

Gbogbo wa la mọ ènì. Èèyàn á ra gààrí, á ní, "Ìyá, ẹ fi ènì sí i fún mi." Ìyá á kọ́kọ́ pariwo pé kò sí èrè lórí ọjà, á sì tún bu díẹ̀ sí i. Nǹkan kékeré ni lójú, àmọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Àkọ́kọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fúnni. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ra kóńgò àádọ́ta ná kí ẹ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìkejì, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ẹni tó dúró lẹ́yìn yín á ní, "Ìyá, èmi náà ńkọ́?" Lẹ́sẹ̀ kan náà, ènì yín ti di ìpolówó ọjà. Ìkẹta, ó ń tẹ̀ lé irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Bí ẹ bá gbé ọmọ dání, ọmọ á gba ẹ̀pà díẹ̀ sọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá á béèrè ìyá ìkókó. Ìkẹrin, ẹ lè béèrè, ẹ sì lè jiyàn lé e lórí. Áàpù wo lẹ lè sọ fún pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi díẹ̀ sí i"?

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu tó bá wọ ọjà wa. Ẹni tó ń rà ń pe ẹni tó ń tà ní "kọ́sítọ́mà mi," ẹni tó ń tà náà sì ń pe ẹni tó ń rà bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì ni: mo jẹ́ tìrẹ, ìwọ náà jẹ́ tèmi. Bí ìyá aláṣọ bá ń ṣe ìsìnkú, àwọn oníbàárà rẹ̀ á yọjú. Bí oníbàárà bá ń ṣe ìkómọ, ìyá aláṣọ náà á dé pẹ̀lú àpòòwé. Báǹkì tó ń fi "Dear Customer" pe bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún àti ọmọ ogún ọdún bákan náà kò lè dé ibẹ̀ yẹn.

Ènì ti ń rù, ọ̀rẹ́ ọjà náà ń rù

Ká má parọ́ fún ara wa o. Ènì ti ń dínkù lọ́jà. Látìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ nínú oṣù Kẹfà ọdún náà, owó ọkọ̀ àti owó ọjà ti fò sókè. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò lórílẹ̀-èdè sọ pé owó ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò padà. Ẹni tó ń lọ sọ́jà kò nílò ìṣirò kankan kó tó mọ̀ pé kóńgò ti di ohun tá à ń wò lẹ́ẹ̀mejì ká tó gbé.

Ẹ fojú inú wo ìyá elẹ́wà yẹn wàyí. Owó tó fi ra àpò kan tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì àpò mọ́. Ẹ̀kúnwọ́ tó ń bù lé e ti di owó gidi. Ó wá ń fi ọwọ́ nu orí kóńgò kó tẹ́jú. Oníbàárà náà, ojú ń pọ́n ọn, kò lè máa ra ọjà nítorí ojú àánú. Ẹni tó ti ń rà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ọdún mẹ́wàá ti ń yà sọ́dọ̀ ẹni tó bá fi ₦100 dín.

Kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí ẹ̀tọ́ ẹni tó ń rà ni láti wá ibi tó rọjú. Òótọ́ ni. Àmọ́ àdánù wà fún tọ̀tún tòsì. Ọlọ́jà tí kò ní oníbàárà tòótọ́ kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́jọ́ tí ọjà bá dá. Ẹni tó ń rà tí kò ní ọlọ́jà tó mọ̀ ọ́n kò ní rí àwìn gbà lọ́jọ́ tí owó oṣù bá pẹ́. Mélòó nínú wa ni wọn kò tíì gbé oúnjẹ lọ sílé rí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé, "Ẹ máa gbé e lọ, tẹ́ ẹ bá rówó kẹ́ ẹ mú un wá"? Ìrànwọ́ ìjọba kò tètè débẹ̀, ọ̀rẹ́ ọjà ló ti ń débẹ̀. Bí ènì bá kú, ohun tó so mọ́ ọn náà lè bá a lọ.

Póìǹtì: ibi tó ti wá, àti ibi tó ti ń kùnà

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò ní ojú àti ẹnu tí ìyá elẹ́wà ní, ni wọ́n bá wá ọ̀nà mìíràn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú American Airlines bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń ka iye máìlì tí èèyàn bá wọkọ̀ wọn rìn, tó bá ti pọ̀ tó, wọ́n á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Lọ́dún 1995, ilé ìtajà Tesco ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé káàdì Clubcard jáde. Ohun tó wà nínú káàdì yẹn kọjá ẹ̀dínwó lásán: ó ń jẹ́ kí ilé ìtajà mọ ẹni tó ń ra kí ni, lọ́jọ́ wo, àti ẹ̀ẹ̀mélòó. Látìgbà náà ni ilé ìtajà, báǹkì àti ilé epo káàkiri ayé ti ń ṣe irú rẹ̀, tiwa náà ò sì gbẹ́yìn.

Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀dínwó. Ìṣòro ni pé ìwọ nìkan lò ń kó póìǹtì jọ, ìwọ nìkan lo mọ̀, bó bá sì ṣòfò, ìwọ nìkan ló dùn. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń pe nọ́ńbà fóònù mi fún wọn ní kántà. Lọ́jọ́ tí mo ní kí n fi póìǹtì náà ra mílíìkì fún àwọn ọmọ, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní ó ti "ẹ̀kísípáyà" láti oṣù tó kọjá. Ó bẹ̀ mí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Mo sanwó mílíìkì. Owó náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú tó tì mí ló pọ̀, torí àwọn tó tò sẹ́yìn mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Látọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n pe nọ́ńbà mi, mo máa ń ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ rí i báyìí: ètò yẹn wọ̀ mí lọ́kàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tí kò dáa. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ló jẹ́ kó wọ̀ mí lọ́kàn. Ojú ayé lè gbé ẹ̀bùn ga, ojú ayé kan náà ló ń sọ ẹ̀tàn di ìtìjú.

Ẹ̀kọ́ látara àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Tá a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń rántí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ fóònù. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ níbí. Nígbà náà, ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, bí ẹ tiẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Lọ́dún 2003, Glo dé, wọ́n sì ń gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé lógún ọdún, àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́ bí ìtàn. Kò sí póìǹtì níbẹ̀, kò sí ẹ̀bùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wọ́n kàn ṣíwọ́ ohun tó ń dun gbogbo èèyàn, gbogbo èèyàn sì jọ jẹ àǹfààní rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá fi wé àsìkò pùrómò. Nígbà kan, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í polówó pé ẹ fi káàdì ìpè sí fóònù kẹ́ ẹ lè jẹ mọ́tò, kẹ́ ẹ lè jẹ mílíọ̀nù. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ fòfin de irú pùrómò bẹ́ẹ̀, torí ó ń fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ìpè kò fi já geere mọ́. Ẹ̀bùn tí wọ́n ní wọ́n fi ń mú inú oníbàárà dùn ló wá ń da iṣẹ́ tí oníbàárà sanwó fún rú. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2013, NCC tún gbà kí èèyàn máa gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Látìgbà náà, ẹni tí wọn kò bá tọ́jú lè kó ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: bí ọjà fúnra rẹ̀ kò bá dáa, ẹ̀bùn kò lè bò ó mọ́lẹ̀. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tí kò ní ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí dátà rẹ̀ ń tán láìmọ̀dí lẹ́yìn tí owó ti gbẹ́nu sókè, kí ni ó fẹ́ fi póìǹtì ṣe?

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní

Báwo wá ni ilé iṣẹ́ ṣe lè mú ètò oníbàárà kúrò ní ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, kó di ohun tí èèyàn ń fi ẹnu sọ nílé? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Nílùú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni méjìdínlọ́gbọ̀n, tó fi mọ́ àwọn tó ń hun aṣọ, dá owó jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà ọ́ọ̀tì àti àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Èrè tí wọ́n bá jẹ, wọ́n á pín in fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí kálukú rà ṣe pọ̀ tó. Ẹ wò ó dáadáa, póìǹtì náà ni, ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń kó o jọ ló ni ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì ń jókòó pàdé. Irú ètò yẹn ló tàn kálẹ̀ di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin rẹ̀ fún Nàìjíríà lọ́dún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Títí dòní, ẹ wo bí inú òṣìṣẹ́ ṣe ń dùn tí kọ̀pérétíìfù bá ń pín ìrẹsì àti òróró lópin ọdún. Wọ́n á tò, wọ́n á ṣàwàdà, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹni tó gba ìrẹsì yẹn kò ní gbàgbé.

Tesco tá a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan náà ṣe ohun kan lọ́dún 1992, ọdún mẹ́ta ṣáájú káàdì wọn. Bí èèyàn bá ra ọjà dé iye kan, wọ́n á fún un ní ìwé pélébé kan. Èèyàn kò lè fi ìwé náà ra nǹkan fún ara rẹ̀ o. Ilé ẹ̀kọ́ ló máa kó o fún, ilé ẹ̀kọ́ á sì kó o jọ títí tó fi máa tó gba kọ̀ǹpútà. Ọmọ á máa bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ gba ìwé yẹn?" Àwọn olùkọ́ ń kà á, àwọn òbí ń wá a kiri. Ilé ìtajà kan náà, rira ọjà kan náà, àmọ́ ẹ̀bùn ti di ti gbogbo àdúgbò.

Lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ilé iṣẹ́ Pinduoduo tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 fi iye méjì sára ọjà: iye tí ẹni tó bá dá rà máa san, àti iye tó rọjú tí ẹni tó bá kó ọ̀rẹ́ jọ máa san. Ṣé ohun tuntun nìyẹn lójú wa? Àbí kì í ṣe bí àwọn obìnrin àdúgbò ṣe ń pa owó pọ̀ ra àpò ìrẹsì kan tí wọ́n á fi kóńgò pín? Àbí kì í ṣe bí a ṣe ń pín màlúù lọ́dún? Ẹ tún wo aṣọ ẹbí. Ẹnì kan ló máa bá aláṣọ dúnàádúrà ní Gbági, ogójì èèyàn ló máa rà á. Aláṣọ tó bá mọ iṣẹ́ á fi aṣọ tirẹ̀ ta ẹni tó kó wọn wá lọ́rẹ. Lọ́jọ́ ìnáwó, gbogbo agbo á wọ ọjà rẹ̀, wọ́n á tún gba abọ́ àti ife tí wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ sí lára. Abọ́ yẹn á wà ní kíṣìnnì fún ọdún mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ wo ló ní ìpolówó tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ibi tí ọ̀fìn wà

Ká tó máa pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. "Ẹ kó ọ̀rẹ́ wá" jẹ́ gbólóhùn tó ti jó ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. MMM ti owó àwọn èèyàn pa nínú oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX dojú dé nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025. Àwọn méjèèjì ló ń lo ìfẹ́ àárín ẹbí àti ọ̀rẹ́ láti fi kó èèyàn wọlé, ìdí nìyẹn tí ìjà fi wọ ọ̀pọ̀ ilé nígbà tó bàjẹ́. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ máa fi dán ètò wò: bí ẹ̀bùn bá ń wá látinú èrè ọjà gidi tí èèyàn rà tó sì lò, ètò oníbàárà ni. Bó bá jẹ́ pé látinú owó ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá ló ti ń wá, ẹ sá.

Ọ̀fìn kejì ni tẹ́tẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Philippines lọ́dún 1992, Pepsi ṣe pùrómò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sínú ìdérí ìgò. Wọ́n kéde 349 pé òun ló jẹ mílíọ̀nù kan péésò, àṣé nọ́ńbà náà ti wà nínú ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ìdérí. Ilé iṣẹ́ ní àṣìṣe ni, kò lè san án. Ìgboro dàrú, wọ́n sun ọkọ̀ Pepsi, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbàgbé nọ́ńbà yẹn títí dòní. Níbí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fagi lé òfin tẹ́tẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2005 lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n ní àwọn ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ìdíje orí-ire gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin ìpínlẹ̀ tó wà wí.

Ọ̀fìn kẹta ni àṣírí. Ìyá elẹ́wà mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ torí ẹ sọ fún un. Áàpù lè mọ̀ ọ́n látinú ohun tẹ́ ẹ ń rà, láìjẹ́ pé ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ti wà látọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa yín, ẹ sì lè ní kí wọ́n pa á rẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, àjọ FCCPC wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Kí wá ni ṣíṣe?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ká ní onídìrí kan ń gba ₦5,000 lórí irun kan. Ó lè ṣe bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, kó fún oníbàárà ní káàdì: bí o bá ṣe irun márùn-ún, ìkẹfà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó gba ₦25,000, ó ṣe iṣẹ́ ₦30,000. Àmọ́ oníbàárà kan ṣoṣo ló ní, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà kí káàdì tó kún. Ṣé káàdì ò ní sọnù?

Kó wá yí i padà, kó pè é ní káàdì ilé. Bí ẹni márùn-ún láti ilé kan tàbí ẹgbẹ́ kan bá ṣe irun láàárín oṣù kan, wọ́n á jọ yan ẹni kẹfà tí wọ́n máa ṣe tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó kan náà ló máa ná an. Àmọ́ ẹni mẹ́fà ló mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí. Ẹni kẹfà yẹn lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Ẹbí á mọ̀ pé àwọn ló fún un, òun náà á mọ ẹni tó fún òun. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò: ọ̀rọ̀ irun yẹn á délé, á dé ṣọ́ọ̀ṣì, á dé mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀yin ọlọ́jà wa, bí ènì ojoojúmọ́ bá ti ń ga yín lára, ẹ má pa á run. Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù tó máa jẹ́ ọjọ́ oníbàárà, kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì bu ènì gidi lọ́jọ́ náà. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń wá déédéé, orúkọ àwọn ọmọ wọn, àti ohun tí wọ́n máa ń rà. Ẹni tó bá fẹ́ kó àdúgbò rẹ̀ jọ ra àpò kan, ẹ dín in fún wọn. Bí owó bá tiẹ̀ wọ́n, orúkọ ẹni kò wọ́n láti pè.

Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ jẹ́ kí èèyàn lè fi póìǹtì rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kan lè pa tiwọn pọ̀ fún àga ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún omi ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àdúgbò náà sára rẹ̀, kì í ṣe tiyín nìkan. Bí póìǹtì bá fẹ́ ṣòfò, ẹ pe èèyàn ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ fún ọmọbìnrin tó wà ní kántà láṣẹ díẹ̀, kí òun náà lè bu ènì. Òun ni ojú tí oníbàárà ń rí, ojú sì lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kẹ́ ẹ tó sọ nọ́ńbà yín ní kántà, ìbéèrè mẹ́ta péré ni: Ìgbà wo ló máa ṣòfò? Ta ni mo lè fún? Kí lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà mi ṣe? Bí wọn kò bá rí ìkankan dáhùn, owó yín ni kẹ́ ẹ san, kẹ́ ẹ gba ọjà yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì kọjá ní ìsọ̀ ìyá elẹ́wà yín lọ́sẹ̀ yìí, bí ₦100 tiẹ̀ wà láàárín òun àti ẹni tó wà lódìkejì, ẹ yà kí i. Ẹ béèrè àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá pẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rántí.